Ẹ Fi Odò Kan Lé Wọn Lọ́wọ́: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Àyíká ní Yunifásítì Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àyíká ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń jókòó ní ìgbìmọ̀ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Mo mọ bó ṣe ń rí láti kọ́ igba ọmọ nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́ta, kí iná lọ, kí ohùn sì há. Ọwọ́ irú yín ni mo ti kàwé, n kò sì kọ lẹ́tà yìí láti fi yín wọ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo sì ni.

Bí ẹ bá ti gba ọmọ tuntun sí ẹ̀ka yín, ẹ fi odò kan lé e lọ́wọ́. Odò tó ń ṣàn ní tòótọ́ ni mò ń wí, tó ní orúkọ, tó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá. Kí ẹ mú un débẹ̀ ní ìpele kìíní, kí ẹ ní, "Tìrẹ rèé títí wàá fi jáde." Kí ó máa wọn omi náà lójò, lẹ́ẹ̀rùn, títí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹ̀ yóò fi pé. Kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé etí odò yẹn, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sọ ohun tó rí fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ẹ ní àyè láti ṣe é. Nígbà tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde ní 2022, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ìdá 70 nínú 100 ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ìdá 30 tó kù, wọ́n ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá ibi tó wà mu dí i. Ìdá 30 yẹn ni mo wá bẹ̀bẹ̀ lé lórí, kí ó tó di àyè tí a tún fi hándáwùtù mìíràn dí.

N kò fúnra mi yan ẹ̀kọ́ yìí. Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù Jáḿbù. Máàkì mi kò tó, yunifásítì sì fún mi ní Environmental Management. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sunkún. Ìyá mi kò sunkún, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi mí dùn mí ju ẹkún lọ: "Ṣé ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ ni?" Bàbá kan ládùúgbò wa ní kì í ṣe gbálẹ̀-gbálẹ̀, wolé-wolé ni n ó dà. Inú bí mi sí i nígbà náà. Lónìí, mo mọ̀ pé orúkọ tó dáa ló fún mi.

Nítorí ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí wolé-wolé máa ń ṣe láyé àtijọ́. Wọ́n á wọ agbo ilé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ṣí ìdérí àmù, wọ́n á bẹjú wò ó bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Wọ́n á yọjú sí ṣáláńgá, wọ́n á wo ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, wọ́n á bi ìyá ilé pé níbo ló ń da pàǹtí sí. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú àmù rẹ̀, kóòtù ló ń lọ. Ìdí tí àwọn àgbà fi bẹ̀rù wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ojúlé tí wọn kò mọ̀, kò sí kànga tí wọn kò tíì yọjú wò. Nígbà tí àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Èkó ní 1924, irú iṣẹ́ ojúlé-dé-ojúlé yìí ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, gbájú mọ́. Ẹsẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ àyíká nílẹ̀ yìí. Ìgbà tó wọ yunifásítì ló jókòó.

Ó jókòó ní tiwa. Ọdún méjì àkọ́kọ́, àkọ́sórí ni. Mo mọ ìtumọ̀ "environment" lọ́nà márùn-ún, mo sì lè fojú dídì ya bí nitrogen ṣe ń yí láti afẹ́fẹ́ sí ilẹ̀. Pírákítíkà tí ó yẹ ká fi wọn ọ́síjìn inú omi, ojú pátákó la ti ṣe é, nítorí kò sí oògùn ní lábù. Olùkọ́ kọ nọ́ńbà sójú pátákó, a dà á kọ, a ya gíráàfù, a gba máàkì. Mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí omi tí n kò rí, odò tí kò ní orúkọ.

Ní ìpele kẹta ni olùkọ́ kan dé tó fi owó ara rẹ̀ rọ epo sí bọ́ọ̀sì, tó kó mẹ́tàdínlógún wa lọ sí etí odò Kúdẹtì n'Ìbàdàn ní àárọ̀ Sátidé kan. Bàtà rọ́bà la wọ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú omi, nítorí àtọ̀sí ajá. Ara ìgbín omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ó mú ìgò kékeré kan tó ní ìdérí gíláàsì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, abẹ́ omi náà ló ti dé e kí afẹ́fẹ́ òkè má baà ráyè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí i, ó kán oògùn méjì sí i: manganese sulphate àti alkaline iodide. Ó ní ká máa wò ó. Ó ní bí omi náà bá ní ọ́síjìn nínú, ohun tó máa rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò yóò pọ́n rúsúrúsú. Bí kò bá ní, funfun ni yóò rí.

Ìgò àkọ́kọ́, òkè odò la ti bù ú, níbi tí omi ti ń já lórí òkúta. Ó rọ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn po ẹ̀lùbọ́ pọ̀ mọ́ omi. Gbogbo wa pariwo, inú wa dùn bí ọmọdé. A wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí gọ́tà ńlá kan ti ń tú sínú odò, a bu ìgò kejì. Ó kán oògùn kan náà sí i. Ó dé e, ó mì ín, ó gbé e sókè sí oòrùn.

Funfun. Funfun bí ògì tútù.

Kò sí ẹni tó pariwo mọ́. Ọ́síjìn inú omi ni ẹja ń mí. Bí ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti oúnjẹ jíjẹrà bá ti pọ̀ nínú odò, àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí náà yóò mí ọ́síjìn yẹn tán kó tó kan ẹja. Mo ti kọ gbólóhùn yìí nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ yẹn. N kò mọ̀ ọ́n. Ìgò funfun yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo mọ ohun tí ojú oró ń jẹ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nínú àdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àmín la máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé bí ẹ bá rí ewé bẹ́ẹ̀ tó gbilẹ̀ tó fi bo ojú omi pátá, tí ẹ kò rí omi mọ́, omi ọṣẹ, ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ oko tí àgbàrá gbé wá ló ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá gba ẹ̀bá adágún Ẹlẹ́yẹlé kọjá, tí wọ́n sé ní 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi mu, kí ẹ tó yìn ín pé ó tutù yọ̀yọ̀, ẹ wo bí ewé tó wà lórí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ní ìsàlẹ̀ odò náà, ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára. Bó ṣe rí wa pẹ̀lú téèpù àti ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé òní lẹ wá wó o ni?" Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àdàlù èdè òyìnbó àti Yorùbá tí a ń sọ nílé ìwé ló sì fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ìyá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ọmọbìnrin kan láti Ìgbòho ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà. A kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ gọ́mìnà. Ọmọ ilé ìwé ni wá, ọ̀rọ̀ odò yìí la wá kọ́ lọ́dọ̀ yín." Ìyá ní, "Ẹn-ẹn. Ẹ fìdí jókòó."

Ohun tó sọ fún wa láàárín wákàtí kan kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Ó sọ ibi tí odò ń gbà kí wọ́n tó kọ́lé dí i. Ó sọ Ọmíyalé ti 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tó gbé ènìyàn, mọ́tò àti ilé lọ, tí òkú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní àwọn tó wà ní etí Kúdẹtì náà kò sùn. Ó tún sọ ti 26 oṣù kẹjọ 2011. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè lára ògiri, ó ní, "Ibí ló dé." A fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 68. Ó ga jù mí lọ.

Àwọn àgbà olùkọ́ mi, ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n ni ìyá yẹn fún wa. Àmì ibi tí omi ga dé ni àwọn tó ń ṣírò àgbàrá ń wá kiri káàkiri ayé. Ó wà lórí ògiri, ó wà lórí ahọ́n ẹni tó rí i, kò gba kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó bi wá pé, "Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?" A wo ara wa. A kọ ìjábọ̀ ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ní èdè òyìnbó, wọ́n fún wa ní máàkì, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá náà kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo tún yà sí ilé ìyá náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé náà kò sí mọ́, n kò sì rí ẹni tó lè júwe ibi tó kó lọ fún mi. Gbèsè ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí, òun gan-an ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Òjò ọdún 2011 yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kìíní lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, omi lítà kan géérégé ni. Òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan yẹn lé ní 180 mìlímítà. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí kò ju ẹní kékeré lọ gba kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méje, ó sì tún lé. Òrùlé ilé tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá, da lítà 18,000 sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tánkà oní-lítà 10,000 méjì. Òrùlé kan ṣoṣo nìyẹn. Kí ọmọ náà wá dúró lórí òkè Màpó, kí ó wo bí páànù ṣe lọ salalu níwájú rẹ̀ láìsí igi, láìsí koríko láàárín, kí ẹ bi í pé níbo ni ó rò pé omi yẹn yóò gbà. Ọmọ yẹn kò nílò kí ẹ pe "runoff" fún un kí ẹ̀rù tó bà á. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún àkóso àgbàrá n'Ìbàdàn, wọ́n sì la odò, wọ́n ṣe afárá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó la ìgboro wa kọjá, kò sí òpó ìwọ̀n kankan nínú wọn, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ pé báyìí ló ṣe ga sí lónìí.

Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn. Olùkọ́ wa yá mi ní ìgò méjì, ó sì fún mi ní oògùn tó kù sílẹ̀. Láti ìpele kẹta títí mo fi jáde, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni mò ń lọ sí Kúdẹtì. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé oṣù tí òjò pọ̀ jù kọ́ ni omi náà burú jù. Ìgbà àkọ́rọ̀ ni, nínú oṣù kẹta. Gbogbo ìdọ̀tí tí ẹ̀ẹ̀rùn ti kó jọ sínú gọ́tà fún oṣù mẹ́rin, òjò àkọ́kọ́ ló ń gbọ̀n wọ́n dà sínú odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ yẹn, òkè odò gan-an, níbi tí ìgò wa ti pọ́n bí ẹ̀lùbọ́, funfun ló rí. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì yóò jábọ̀ pé odò yẹn kò burú púpọ̀, kò sì parọ́. Ìgbà tó lọ ni kò bá a mu. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọdún mẹ́rin, tí n kò sọ pé ọjọ́ kan.

Òmíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà àáyítì mi, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ ìjábọ̀ EIA fún àwọn oníbàárà ni mo ti lo oṣù mẹ́fà. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ mọ ibi tí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ irú ìjábọ̀ yìí ti wá: 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n gbé pàǹtí olóró láti Ítálì wá jù sí Koko, ìlú etí omi ní apá Delta òní, tí gbogbo ayé sì gbọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká, sílẹ̀, òfin EIA sì tẹ̀ lé e ní 1992, pé kí ẹnikẹ́ni tó dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí ilẹ̀, omi àti ènìyàn. Òfin tó dáa ni. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa tẹ ìjábọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, mo ń tẹ apá tó sọ bí odò agbègbè iṣẹ́ náà ṣe rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì rí orúkọ odò kan tí kò sí ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa. Ìjábọ̀ ibòmíràn ni wọ́n dà kọ. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí n pa orúkọ odò yẹn rẹ́, kí n fi tiwa rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n omi, ọ́síjìn, ẹja tó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró bó ṣe wà.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀kọ́ àyíká ni ẹni tó kọ ìjábọ̀ yẹn. Mo rò ó títí. N kò gbà pé ènìyàn burúkú ni. Ohun tí a kọ́ ọ nílé ìwé ló ṣe: omi tí kò rí, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sójú pátákó. Mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìjábọ̀ náà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí ará ìlú lè wá kà á, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Mo lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó nípọn bí Bíbélì, èdè òyìnbó láti orí dé ìdí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ti wá kà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí wọ́n so mọ́ ọn. Kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Abúlé tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí iṣẹ́ wíwa góòlù ti pọ̀ ní apá òkè odò náà ni àwọn ènìyàn ti ń rí i tí omi náà ń pọ́n bí omi amọ̀, odò kan náà tó ṣàn gba igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà fún odò yẹn níwájú adájọ́ tàbí níwájú ìjọba, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé, "Báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀?" Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìbá ṣe yàtọ̀ bí ìwé àkọsílẹ̀ ogún ọdún bá wà, tí ọmọ kan ń fà lé òmíràn lọ́wọ́. Ní Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé inú òkúta góòlù pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400, ikú ọmọ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti lóró. Kò yẹ kó jẹ́ pé ọ̀nà tí a ó máa gbà mọ̀ nìyẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní kò sówó. Òótọ́ ni, kò sówó fún ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí láìsí ẹ̀rọ. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan, tí mo gé yípo sí 20 sẹ̀ǹtímítà, tí mo kun ní dúdú àti funfun, tí mo so òkúta àti okùn mọ́, òun ni mo fi ń wo bí omi ṣe mọ́ tó: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí i mọ́, ẹ wọn okùn. Fún ìyára omi, ọsàn kan ni. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá létí odò, ẹ ju ọsàn sínú omi, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 25, 0.4 mítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85. Bí odò náà bá fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó sì jìn ní ààbọ̀ mítà, ẹ ó rí i pé ó ju lítà 500 lọ tó ń kọjá níwájú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá fi ọsàn ṣe ìṣirò yìí kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, yóò sì tún rí ọsàn jẹ.

Ẹ ó ní ọmọ pọ̀. Ẹ pín wọn ní márùn-ún-márùn-ún. Kò sí ọgbà yunifásítì wa tí kò ní odò tàbí gọ́tà ńlá tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ jù ni kí ẹ yàn, kí ẹsẹ̀ lè gbé wọn débẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mọ́tò má wọ̀ ọ́. Ẹ ó ní ọ̀nà léwu. Mo gbà. Kí wọ́n má dá lọ, kí wọ́n má lọ nígbà tí òjò bá ṣú, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àdúgbò, kí wọ́n mọ̀ wọ́n. Àdúgbò tó bá mọ ọmọ kì í jẹ́ kí nǹkan ṣe é.

Ti èdè ni mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò tako jù. Wọn á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló sọ wọ́n ní tanwíjí, àkọ́rọ̀, àgbàrá, ààtàn, àbàtà? Àwọn tó ń wo omi dáadáa ni. Níbi tí kò bá sí ọ̀rọ̀, bí ọ́síjìn, kí ọmọ náà gbé ìgò méjì dání, ọ̀kan tó pọ́n, ọ̀kan tó funfun, kí ó gbé wọn síwájú àwọn ìyá tó ń fọṣọ létí odò. Mo ti ṣe é. Ìyá kan wo ìgò funfun títí, ó ní, "Odò yìí ò mí mọ́ nìyẹn." N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yàrá ẹ̀kọ́ kankan.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tó bá jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nìkan àti èyí tó gbé àkọsílẹ̀ odò kan fún ọdún mẹ́rin sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Èmi gba iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí nítorí àkọsílẹ̀ Kúdẹtì ni. Wọn kò wo kíláàsì tí mo fi jáde títí tí mo fi parí àlàyé mi. Ìyá mi, tó bi mí léèrè ilẹ̀ gbígbá, òun ló ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn báyìí pé kí wọ́n má da ike sí gọ́tà, pé ọmọ òun ti wọn odò.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níbí: nóòtù mẹ́ta, omi ti wọ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ fi Kúdẹtì lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo ṣetán láti fà á lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Mo lè wá fúnra mi ní Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ń lọ. N ó mú ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi dání, n ó sì fi ibi tí ilé ìyá yẹn wà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá rí ìyá náà nígbàkigbà, tàbí ọmọ rẹ̀, kí wọ́n bá mi sọ fún un pé mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 68 ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀kọ́ àyíká kan,
Ìbàdàn.